Ìtọ́tè Pupa: Ẹ Yẹ Ọjà Wò, Ẹ Fi Ọmọ Ọlọ́mọ Sílẹ̀

Nínú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn obìnrin ń lò lóde òní, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ó kéré tó ìtọ́tè, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní lípsítíìkì. Síbẹ̀, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin bá kun àtíkè, a ó ní ó mọ ara tọ́jú. Bí ó bá lé tìróò, a ó ní ojú rẹ̀ dára. Bí ó bá lé làálì sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, a ó máa bi í léèrè ọjọ́ ìyàwó. Ṣùgbọ́n kí ó fi pupa fòò tàbí pupa dúdú bíi ti wáìnì tọ́ ètè, kí ó sì jáde sí gbangba, ọ̀rọ̀ á di ti ìwà, á di ti ilé tí ó ti jáde wá, á sì di ti ìyá tí ó bí i.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ̀yin ni mo dìídì dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ, nítorí pé ibi tí ènìyàn kì í bá ṣe onílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń le jù lọ. Ní ilé, bí ọmọ kan bá tọ́tè, àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò bá a wí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ìdálẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ni yóò gbọ́; kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ẹnì kan á ti tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìkàrẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́ sí àjò. Ọmọ tí ó jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní ìparí oṣù, a ti gba orúkọ rere lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ẹ wo ìlú Lọ́kọ́ja níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bénúé ti pàdé ni ìlú náà wà, òun ni ó sì jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ọjọ́ 27 oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 1991 tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ará Ígálà ń bẹ níbẹ̀, Ẹ̀bìrà ń bẹ níbẹ̀, Nupe, Haúsá àti Ìgbò ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀kun, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé; bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì wá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Bí ọjọ́ bá rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí lọ sílé, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní Ọjà Kpata tí wọ́n yí àtẹ àwọn tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ká. Wọn a ṣí èyí tí ó pọ́n fòò, wọn a fi kan ètè, wọn a wo dígí, wọn a nù ún kúrò. Wọn a tún ṣí èyí tí ó dúdú díẹ̀, wọn a tún fi kan ètè. Àwọn tí ń kọjá lọ yóò máa sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí yóò bi ọlọ́jà léèrè pé, ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ètè èèyàn mélòó ni igi ìtọ́tè kan ṣoṣo yìí ti kàn?

Èrò tèmi ni pé ibi tí a dojú ìbáwí kọ kò tọ̀nà. Àwọ̀ tí ó wà ní ètè ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni ẹjọ́. Ọjà tí ó wà lórí àtẹ ni ẹjọ́.

Lọ́nà kìíní, pupa kì í ṣe àlejò ní ara obìnrin Yorùbá. A ti ń lọ osùn lórí ọlọ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Ìyàwó tuntun a máa kùn ún, abiyamọ a máa kùn ún, a sì ń fi í pa ọmọ tuntun lára. Àwọn ìyá àgbà tí ń jẹ obì kò nílò dígí kí ètè wọn tó pọ́n. Bí a bá sì ń ka àwọn aṣọ òkè tí ó níyì láàárín wa, sányán, ẹtù àti àlàárì ni a ó dárúkọ, ta ni kò sì mọ̀ pé pupa ni àlàárì? Nítòsí Lọ́kọ́ja níhìn-ín pàápàá, ní ilẹ̀ Bùnú, àwọn obìnrin a máa hun aṣọ pupa kan tí a fi ń yẹ́ àwọn ìjòyè sí ní ọjọ́ ìsìnkú wọn. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ó jẹ́ onímọ̀, Elisha Renne, sì kọ odidi ìwé kan lórí aṣọ ilẹ̀ Bùnú, èyí tí ó jáde ní ọdún 1995. Àwọ̀ tí ó tó fi sin ìjòyè, báwo ni yóò ṣe wá di àwọ̀ ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ nítorí pé ó bọ́ sí ètè?

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, ohun kan tí iṣẹ́ náà sì ti kọ́ mi ni pé ohun tí a kò bá fún ní orúkọ nínú èdè wa, àjèjì ni yóò máa jẹ́ lójú wa títí ayé. Àwọn ọlọ́jà a máa pe àwọ̀ ìtọ́tè tí ó pọ́n tí ó sì ṣókùnkùn ní dáàkì wáìnì, bí ẹni pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni a ti lè rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àlàárì, ẹ ó rí i pé ìbejì ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ àwọn àwọ̀ wọ̀nyí lórúkọ, èyí tí ó pọ́n fòò ni n ó pè ní pupa tàtàṣé. Èyí tí ó dà bí ilẹ̀ amọ̀ tí òjò rọ̀ sí ni n ó pè ní pupa osùn. Èyí tí a ń pè ní wáìnì ni n ó sì pè ní pupa àlàárì. Ọmọ tí ó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ilé onílé ni òun ti lọ yá ẹwà.

Níbo wá ni ìtìjú náà ti wá? Ní ayé Ọbabìnrin Victoria, tí ó wà lórí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1837 títí di 1901, àwọn ènìyàn pàtàkì ilẹ̀ náà gbà pé òṣèré orí ìtàgé àti aṣẹ́wó ni ń kun ètè. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn oníwàásù àti àwọn oníṣòwò gba orí Odò Ọya gòkè wá. Ìjọ CMS ti ní ibùdó ní Lọ́kọ́ja ní àwọn ọdún 1860, ní àkókò Samuel Àjàyí Crowther tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Lọ́kọ́ja yìí kan náà ni Lugard sì ti gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè fún Òkè Ọya ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. N kò sọ pé ibi ni gbogbo wọn wá ṣe. Ìwé kíkà tí mo fi ń jẹun, Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba àlejò sílé yóò gba ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹrù ni ó wúlò fún onílé.

Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa pe obìnrin tí ó tọ́tè ní Jésíbẹ́lì. Kí irú wọn lọ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹsàn-án. Ojú ni a sọ pé Jésíbẹ́lì kùn, irun orí rẹ̀ ni a sọ pé ó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwé náà kò dárúkọ ètè. Bí a bá fẹ́ fi ìtàn náà dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, àwọn tí ń lé tìróò ni a ìbá kọ́kọ́ pè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kò jẹ́ pè wọ́n. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n gbé ìtìjú náà wá ti sọ tiwọn kalẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1923 ni ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, James Bruce Mason, ti gba àṣẹ lórí irú akóló ìtọ́tè tí a ń yí nídìí kí ó lè yọ orí síta, èyí tí ó wà ní ọwọ́ gbogbo ayé lónìí. Àwọn tí ó di ẹrù náà fún wa ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwa ni a ṣì rù ú tí ọrùn ń wọ̀ wá.

Irọ́ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a já ní koro. Àwọn kan ní pupa kò yẹ aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ àwọn òyìnbó ni àwọn tí ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ń rò kí wọ́n tó po tiwọn pọ̀. Nítorí èyí ni Eunice Johnson, obìnrin adúláwọ̀ tí ilé iṣẹ́ òun àti ọkọ rẹ̀ wà ní Chicago, fi dá Fashion Fair sílẹ̀ ní ọdún 1973 fún àwọn obìnrin dúdú. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọdún 1998 ni Tara Fela-Durotoye dá House of Tara sílẹ̀. Kò yẹ kí a tún máa gba irọ́ tí àwọn wọ̀nyí ti fi iṣẹ́ wọn já. Ara dúdú a máa gbé pupa jókòó, pàápàá pupa àlàárì. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í fi owó rẹ̀ ra ìpara tí ń bó ènìyàn láwọ̀ kí ó tó lè lẹ́wà.

Mo gbọ́ ohùn àwọn òbí, ohùn wọn sì tọ́ sí gbígbọ́. Wọ́n ní ìdálẹ̀ kì í ṣe ilé. Wọ́n ní bí ọmọ wa bá ṣe rìn ni àwọn onílẹ̀ yóò ṣe kà wá. Wọ́n ní ọkùnrin tí kò mọ ìdílé rẹ̀ lè fi ojú ohun tí kò jẹ́ wò ó. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó kọ́kọ́ ń fi orúkọ burúkú pe ọmọ náà? Mo ti wà láàárín àwọn Ígálà àti Ẹ̀bìrà tí ó pẹ́, n kò sì rí i kí wọ́n bá ọmọ wa jà nítorí ètè. Àwa ni a ń jà, àwa ni a ń ròyìn, lẹ́yìn èyí ni a ó wá sọ pé kí àwọn ẹlòmíràn bọ̀wọ̀ fún un. Bí a bá bu àwo wa ní àwo-kúàwo, ẹlòmíràn yóò fi kó ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ààbò ọmọ náà ni a ń wá lóòótọ́, ewu gidi wà tí ó yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ewu náà rèé. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí àwọn oníṣègùn tọpasẹ̀ rẹ̀, tìróò tí wọ́n ń lé sí i lójú ni wọ́n bá a dé. Wọ́n yẹ tìróò ọ̀hún wò, wọ́n sì rí i pé 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ òjé. Òjé kì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọdé ṣeré pẹ̀lú, nítorí ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́. Ẹ wá gbọ́ ti ìtọ́tè. Àjọ FDA, tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, yẹ 400 irú ìtọ́tè wò lára èyí tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ náà. Bí a bá pín ìtọ́tè kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, òjé tí ó wà nínú wọn kò ju 1.11 lọ ní ìpíndọ́gba; èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù lọ jẹ́ 7.19. Ní ọdún 2016, àjọ náà dábàá pé kí ó má ṣe kọjá 10.

Ẹ wo èyí tí a ń yìn, ẹ wo èyí tí a ń bú. N kò sọ pé gbogbo tìróò ni ó rí bí ti Boston, n kò sì sọ pé gbogbo ìtọ́tè ni ó mọ́. Àwọn tí wọ́n yẹ wò ní Amẹ́ríkà kọ́ ni ó kún orí àtẹ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnu ìbílẹ̀ kò fọ nǹkan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu òkèèrè kò sọ nǹkan di ẹlẹ́gbin. Àyẹ̀wò ni ó ń sọ èyí tí ó dára. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ra ìtọ́tè wo ara páálí rẹ̀ bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti mójútó oúnjẹ, oògùn àti ohun ọ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ wa. Kí ó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kí ó gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé ìda àti òróró ni a fi ṣe é, oòrùn Lọ́kọ́ja kì í sì í ṣe ẹlẹgbẹ́ òróró. Èyí tí ó ti làágùn tí ó sì ń rùn bí òróró tí ó ti pẹ́ jù, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Ewu kejì ni ti ìdánwò lórí àtẹ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń fa egbò wẹẹrẹ sí ètè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 3.8 bílíọ̀nù ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 50 ni ó ní i lára, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Itọ́ àti egbò ẹnu ni ọ̀nà rẹ̀, bí ó bá sì ti wọ ara, kì í jáde mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtọ́tè tí ó ti kan ètè ẹlòmíràn kan tirẹ̀, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tàbí ti àbúrò. Bí a bá fẹ́ pariwo ní Ọjà Kpata, èyí ni ó tó pariwo lé lórí.

Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe mọ èyí tí ó yẹ òun? Kò le. Kí ó fi òwú tí kò tíì kan nǹkan kan bù díẹ̀, kí ó sì fi pa orí ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ó jọ ètè jù lọ. Kí ó jáde kúrò lábẹ́ iná ilé ìtajà, kí ó wò ó ní ojúmọmọ, nítorí iná a máa parọ́. Kí ó mọ̀ pé pupa méjì ni ó wà: èyí tí ó fà sí ọsàn àti èyí tí ó fà sí àlùkò. Èyí tí ó fà sí àlùkò a máa jẹ́ kí eyín dà bí èyí tí ó funfun sí i; èyí tí ó fà sí ọsàn a máa jẹ́ kí ó dà bí èyí tí ó pọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ètè òkè rẹ̀ dúdú tí ti ìsàlẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi pẹ́ńsù dúdú díẹ̀ yí etí ètè ká ná, kí àwọ̀ kan náà má baà di méjì. Ní àkókò ọyẹ́, kí ó kọ́kọ́ fi òrí pa ètè, nítorí pé pupa àlàárì a máa tú àṣírí gbogbo ibi tí ó bá ti sán. Ẹni tí kò tíì lò ó rí, kí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ní ilé ní ọjọ́ ìsinmi, kí ojú rẹ̀ mọ́ ọn kí ojú ará ìta tó rí i. Bí kò bá wù ú, kí ó fi òróró díẹ̀ nù ún kúrò. Ohun tí ó bá wu ni ni í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹni tí ó yan tàtàṣé kò ṣẹ ẹni tí ó yan àlàárì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò fẹ́ tọ́tè rárá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Gbogbo nǹkan ni ó ní àkókò tirẹ̀. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kan, tàbí ilé ìsìn kan, bá ní òfin tí ó kan tọkùnrin tobìnrin nípa ìmúra, kí ọmọ wa pa á mọ́. Ṣùgbọ́n òfin yàtọ̀ sí èébú. Àgbà tí ó bá ní ìmọ̀ràn, kí ó pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, kí ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Kí a má fi òru pe ìyá rẹ̀ ní ilé, kí a má sì sọ ọ́ di àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́kọ́ja, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò àti níbi gbogbo, ẹ ní àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn apòògùn láàárín yín. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ fún ọ̀kan nínú wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ lórí òjé inú tìróò tí a ń lé sí ọmọ ọwọ́ lójú, lórí nọ́ńbà NAFDAC, àti lórí ìtọ́tè tí gbogbo ètè ń kàn lórí àtẹ. Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín yóò mọ̀ pé ara òun ni ẹ ń rò. Bí ó bá sì wá sí ìpàdé kejì tí ètè rẹ̀ pọ́n bí àlàárì, ẹ kí i bí ẹ ti ń kí àwọn yòókù, kí ẹ sì fún un ní àga.